Ẹyin Erè Nínú Ilé Adìyẹ

Manchester,
4 Oṣù Kìíní, 1981.

Màámi,

Ẹ kú ọdún tuntun, ẹ sì kú àdánù àwọn adìyẹ. Nígbà tí mo kà á nínú lẹ́tà yín pé lúkúlúkú wọ ilé adìyẹ, tó sì gbá gbogbo rẹ̀ mọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ó ṣe mí bíi pé wọ́n ní ilé wa jó. Inú ilé adìyẹ yẹn ni mo dàgbà sí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ra òmíràn mọ́. Láti ìgbà tí Bàbá ti kú lẹ ti ń dá ru ẹrù yìí. Ìwọ̀nba tí mo ń rí níbí, a ó jọ máa jẹ ẹ́. Ó tó kí ẹ sinmi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó máa pa yín lẹ́rìn-ín. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, òtútù lé mi wọ ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ta ẹran ọ̀sìn. Mo rí àpótí onígíláàsì kan tí wọ́n tan iná sí lórí, ejò wà nínú rẹ̀. Mo wò ó dáadáa: erè ni. Kì í ṣe òjòlá tó ń gbé ewúrẹ́ mì o. Erè kékeré yìí ni, èyí tí ẹ máa ń fi igi gígùn gbé kúrò lẹ́yìn ilé adìyẹ, tó máa ń ká jọ bíi bọ́ọ̀lù tó sì máa ń fi orí pamọ́ sáàárín ara rẹ̀. Ọkùnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù ní apá ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ti ń kó o wá, pé àwọn ọmọ olówó ń sìn ín nínú yàrá wọn. Ká ní erè lẹ ti ń sìn láti ọjọ́ yìí, lúkúlúkú ì bá wá, ì bá sì ṣe bẹ́ẹ̀ padà lọ.

Beatrice ìyàwó mi ní kí n kí yín. Ó ní kí ẹ má jẹ́ kí òkú adìyẹ kó ìbànújẹ́ bá yín.

Ọmọ yín,
Jùbrílù.


Igbein, Abẹ́òkúta,
22 Oṣù Kejì, 1981.

Jùbrílù ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí Beatrice, mo sì kí òtútù tó lé ọ wọ ṣọ́ọ̀bù yẹn. Ara mi le. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ, Alhaji Láwàlì, ń bẹ ní àlàáfíà, ó sì ń darí gbogbo wa nínú agbo ilé bó ṣe máa ń ṣe.

O ní o fẹ́ pa mí lẹ́rìn-ín. Mo rẹ́rìn-ín lóòótọ́. Lẹ́yìn náà mo tún lẹ́tà náà kà, ẹ̀rín sì lọ. Ìbéèrè kan ló kù tí kò jẹ́ kí n gbádùn: tí wọ́n bá ń kó erè kúrò nínú igbó wa lọ sí ọ̀dọ̀ yín, ta ló ń bí òmíràn rọ́pò? Ọkùnrin kan máa ń ti Kútọnù wá sí apá Alábàtà, ààyè ejò ló ń rà. Inú àpò ló ń kó wọn sí bíi gbágùúdá. Tí igbó bá ṣófo ńkọ́? Ṣé ẹni tó bá lè mú kí erè yé ẹyin nínú ilé, kí ẹyin náà sì pa, kò ní rí iṣẹ́ ṣe?

O mọ Ọ̀ṣunrẹ̀mí, àgbẹ̀ Alábàtà tí mo máa ń ra àgbàdo adìyẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Olórìṣà ni wọ́n nílé rẹ̀, wọn kì í pa erè. Tó bá wọlé tọ̀ wọ́n, wọ́n á kí i bí àlejò, wọ́n á sì sìn ín jáde. Mo sọ ohun tí mò ń rò fún un, ó rín ẹ̀rín títí ó fi húkọ́. Ó bi mí bóyá lúkúlúkú ti ràn mí. Àmọ́ nígbà tí mo padà lọ lọ́jọ́ ọjà kejì, ó ti gbé apẹ̀rẹ̀ kan dè mí, erè ló wà nínú rẹ̀. Lábẹ́ òkìtì ẹ̀kùrọ́ ló ti rí i, abo ni, ikùn rẹ̀ kún. Ó ní, “Màámi, ìyá yìí kì í ṣe ti títà. Ohun tó bá bí nílé yín, ti yín ni. Lọ́jọ́ tó bá parí iṣẹ́ tó ń ṣe fún yín, ẹ gbé e padà wá fún mi.” Mo gbà.

Ó wà nínú ilé òròmọdìyẹ báyìí. Mo dojú ìkòkò kan tó ti fọ́ létí délẹ̀, ó gba ibẹ̀ wọlé, kò sì fẹ́ jáde. Mo gbé omi sí i nínú àwo. Mo fún un ní eku, ó wo eku, eku wò ó, mo bá gbé eku jáde. Ẹ̀rù bà mí lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ní báyìí, mo máa ń gbé àga síbẹ̀ kí n máa wò ó. Kò yára ṣe ohunkóhun. Láti kékeré ni wọ́n ti sọ fún mi pé ejò kún fún ìkà. Mo ń wá ìkà náà, n kò tíì rí i.

Ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe nìyí. Ìwé kan ṣoṣo tí mo rí nípa ejò ní ilé ìkàwé tó wà níbí, bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ẹni tí ejò bù jẹ ló ń sọ. Ìlú tí o wà kún fún ìwé. Lọ wá a kà fún mi: báwo ni ooru ṣe gbọ́dọ̀ pọ̀ tó fún ẹyin erè? Ṣé kí n gbà á lọ́wọ́ ìyá ni, àbí kí n fi í sílẹ̀? Ṣé wọ́n ń yí i bíi ti adìyẹ? Má bi mí ìdí tí mo fi ń béèrè, ṣáà kà á.

Èmi ni ìyá rẹ,
Àsíátù.


Manchester,
15 Oṣù Kẹta, 1981.

Màámi,

Ẹ kú ilé. Mo ka lẹ́tà yín lójú ọ̀nà ibi iṣẹ́, mo sì kọjá ibi tó yẹ kí n ti sọ̀kalẹ̀. Mo rò pé àwàdà lẹ ń ṣe. Beatrice ló ní rárá, pé Màámi kì í kọ àwàdà tó gùn tó yìí.

Ẹ dákun, ẹ gbé e padà fún Ọ̀ṣunrẹ̀mí. Kí làwọn ará Igbein máa sọ? Ẹnu wọn kì í sinmi lórí ohun tí kò tó ejò rárá.

Tí ẹ bá sì ti pinnu, ẹyin ni ẹyin. Ẹ gbé e sínú àpótí tí a fi máa ń pa ẹyin adìyẹ, ẹ fi láńtà sí i lábẹ́, kí ẹ sì máa yí i láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, kí ọmọ inú rẹ̀ má baà lẹ̀ mọ́ èèpo. Mo yí ẹyin títí nílé yẹn, mo ṣì lè máa yí i lójú oorun. Ìdánwò ìṣirò owó mi sún mọ́lé, n kò ráyè ilé ìkàwé.

Ṣùgbọ́n èyí tó sàn jù ni kí ẹ wá bá wa gbé. A ní yàrá kan tó ṣófo. Ẹ ti ṣe tiyín tán.

Jùbrílù.


Igbein, Abẹ́òkúta,
10 Oṣù Kẹfà, 1981.

Jùbrílù,

Mo kí Beatrice. Ìwọ náà, mo kí ọ.

Ẹyin mẹ́fà ló yé, funfun, wọ́n tóbi ju ti pẹ́pẹ́yẹ lọ, èèpo wọn rọ̀ bí awọ. Wọ́n lẹ̀ mọ́ ara wọn. Ìyá wọn ká wọn mọ́ra, ó gbé orí lé wọn lórí. Mo fi igbá tì í sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ títí mo fi gba ẹyin náà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò bù mí jẹ. Ó kàn ń wá ibi tí wọ́n wà. Mo tú wọn kúrò lára ara wọn, mo tò wọ́n sínú àpótí, mo tan láńtà, mo ń yí wọn láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rún wọlé. Lẹ́yìn náà wọ́n di àwọ̀ ewé, wọ́n ń rùn. Mo ṣí ọ̀kan. Ọmọ ti wà níbẹ̀, Jùbrílù, kò nípọn ju okùn bàtà lọ, àwọn àmì ara ìyá rẹ̀ sì ti hàn lára rẹ̀. Ó ti kú. Mo ṣí gbogbo wọn nítorí n kò fẹ́ gbàgbọ́. Bákan náà ni gbogbo wọn.

Mo ní kí o kàwé fún mi. O kò kàwé. Ohun tí o fi ránṣẹ́ sí mi, ọ̀rọ̀ ẹnu mi ni, èyí tí mo kọ́ ọ nígbà tí orí rẹ kò tíì ga dé ẹnu àpótí. O kàn gbé e wọ ọkọ̀ òfurufú padà wá fún mi, mo sì gbà á gbọ́ nítorí pé Manchester ló ti wá. Ẹ̀bi méjì nìyẹn, mo gbà pé ọ̀kan jẹ́ tèmi.

Nǹkan mìíràn ṣẹlẹ̀. Alhaji Láwàlì wá bá mi, ó dúró lókèèrè sí ilé adìyẹ.

Ó ní, “Ìyá Jùbrílù, ní mọ́ṣáláṣí, wọ́n ní ejò rẹ ń pọ owó.”

Mo ní, “Tó bá ń pọ owó, Alhaji, ṣé bàtà tí mo wọ̀ yìí ni ẹ bá bá lẹ́sẹ̀ mi?”

Inú rẹ̀ kò dùn sí ìyẹn. Ó ní ìdílé oníṣòwò ni wá, àwọn bàbá wa ta obì títí dé Kánò láìsí àbùkù, pé kí ejò náà ti kúrò kí ààwẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Mo bi í bóyá ilé adìyẹ tí àbúrò rẹ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ mọ fún mi ni òun ń sọ. Ó ní ilẹ̀ ìdílé ló wà. Mo lọ bi Alfa méjì. Ọ̀kan ní ohun àìmọ́ ni ejò, kí n má sún mọ́ ọn. Èkejì ní òun kò rí ibi tí wọ́n ti kà á léèwọ̀ láti sìn ín, pé kí n ṣáà máa fọwọ́. Mo bi ara mi pé tí àwọn méjèèjì bá ń ka ìwé kan náà, ta ló wá dá èmi lẹ́bi?

Ìyá erè náà ṣì wà lọ́dọ̀ mi. Ọ̀ṣunrẹ̀mí ní iṣẹ́ tó ń ṣe fún mi kò tíì parí, ó sì ti bá mi wá akọ. N óò tún un ṣe.

Àsíátù.


Manchester,
16 Oṣù Kẹjọ, 1981.

Màámi,

Ẹ kú àṣeyọrí ààwẹ̀, ẹ kú ọdún.

Mo lọ sí ilé ìkàwé. Obìnrin tó wà níbẹ̀ wo ojú mi, ó wo orúkọ ìwé tí mo béèrè, ó tún wo ojú mi. Mo jókòó ti ìwé náà ní gbogbo ọ̀sán Sátidé. Wọn kì í yí i. Ọmọ adìyẹ ló ń fẹ́ kí wọ́n máa yí òun. Ti erè, láti ọjọ́ díẹ̀ tí wọ́n bá ti yé e ni ọmọ inú rẹ̀ ti so mọ́ apá òkè. Tí wọ́n bá dojú rẹ̀ délẹ̀, ó rì nìyẹn. Tí ẹ bá gbọ́dọ̀ gbé e, ẹ fi pẹ́ńsù sàmì sí òkè rẹ̀, kí òkè máa jẹ́ òkè. Èyí tó lẹ̀ mọ́ra, ẹ má tú u. Kí ibẹ̀ lọ́rinrin, kí omi má kán sí i lára. Ooru rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ tó ti adìyẹ, láńtà wa ti pọ̀ jù fún un. Ìwé náà ní bí ẹni tó ń sìn ín bá jẹ́ ẹni tuntun, kó fi í sílẹ̀ fún ìyá, ìyá mọ̀ ọ́n ṣe, ó sì tó nǹkan bí oṣù méjì kí ẹyin tó pa. Ó lè má jẹun fún oṣù púpọ̀, kí ẹ má fi tipátipá bọ́ ọ. Ẹ kó akọ àti abo pọ̀ nígbà tí alẹ́ bá bẹ̀rẹ̀ sí í tutù.

Mo ti kà á fún yín nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí n wá sọ tèmi. Alhaji kọ̀wé sí mi. Wọ́n ní ẹ dójú ti àwọn níwájú àwọn ọ̀dọ́. Mi ò mọ ohun tí ẹ ṣe, ṣùgbọ́n mo mọ̀ yín. Ṣé dandan ni kí ẹ máa bá gbogbo ilé jà nítorí ohun tó bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àwàdà mi?

Jùbrílù.


Igbein, Abẹ́òkúta,
29 Oṣù Kọkànlá, 1981.

Àlàmú ọmọ mi,

O rí i pé oríkì rẹ ni mo fi pè ọ́. Ti ìwé tí o kà ni. Bí kò bá sí ìyẹn ni, Jùbrílù ni ò bá rí.

Gbọ́ ohun tí mo ṣe fún Alhaji. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ààwẹ̀, wọ́n rán àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin ilé wá pẹ̀lú igi àti àdá. Túbọ̀sún ọmọ ilé kejì ló ṣáájú wọn, ẹni tí mo kọ́ ní ABD. Mo gbé àga sí ẹnu ọ̀nà ilé adìyẹ, mo ń ka ìwé ìròyìn. Wọ́n kí mi, mo kí wọn. Túbọ̀sún ní, “Ẹ máa bínú, Màámi, Alhaji ló ní kí a wá pa á.” Mo ní kò burú. Mo dìde, mo ṣí ilẹ̀kùn gbayawu, mo ní kí wọ́n wọlé, abẹ́ ìkòkò ló wà, kò ní ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Mo tún jókòó, mo ṣí ojú ìwé kejì. Túbọ̀sún wo ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹni yẹn náà wo ẹ̀yìn. Nígbà tó yá, ọ̀kan rántí pé ìyá òun ń pe òun. Nígbà tí wọ́n pe ìrun Màgíríbì, èmi nìkan ló kù níbẹ̀, mo sì dìde lọ kí tèmi. Bí mo ṣe dójú ti Alhaji nìyẹn. Ìwọ náà, bi ara rẹ: ta ló dójú ti ta?

O ní àwàdà rẹ ló bẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni. Àwàdà ni bàbá rẹ náà fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ pẹ̀lú mi lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ rí mi. Ènìyàn kì í gba ilẹ̀kùn tó bá rí ní ṣíṣí wọlé bí?

Ọyẹ́ ti ń fẹ́. Mo ti kó akọ wọlé tọ abo. Akọ náà kò jẹun mọ́, ó kàn ń tẹ̀ lé e kiri. Mo rí i tí wọ́n lọ́ mọ́ra láti àárọ̀ di ọ̀sán. Mo jáde, mo sì pa ilẹ̀kùn dé. Ó yẹ kí wọ́n ní àyè tiwọn.

Àsíátù.


Manchester,
17 Oṣù Kìíní, 1982.

Màámi,

Ẹ kú ilé, ẹ sì bá wa yọ̀. Beatrice lóyún. Dókítà ní oṣù Kẹrin ni. A fẹ́ dákẹ́ díẹ̀ kí a tó sọ, nítorí èyí tó bọ́ lọ́dún méjì sẹ́yìn.

Ẹ mọ̀ pé kò ní ìyá mọ́. Ta ni yóò wẹ ọmọ fún un? Ta ni yóò fi omi gbígbóná tẹ ikùn rẹ̀? Níbí, wọ́n á gbé ọmọ lé e lọ́wọ́, wọ́n á sì ní kó máa lọ sílé. Mo ti ra tikẹ́ẹ̀tì yín. Ogúnjọ́ oṣù Kẹta lẹ máa wọkọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ìbéèrè.

Mo ti kọ̀wé sí Alhaji. Inú wọn dùn púpọ̀. Wọ́n ní kí ẹ má ṣèyọnu rárá, pé lọ́jọ́ tí ẹ bá lọ ni àwọn yóò bá yín palẹ̀ ilé adìyẹ mọ́.

Ọmọ yín tó ń retí yín,
Jùbrílù.


Igbein, Abẹ́òkúta,
21 Oṣù Kejì, 1982.

Àlàmú,

Mo ka lẹ́tà rẹ, mo wólẹ̀, mo dúpẹ́. Sọ fún Beatrice pé kó má gbé ohun tó wúwo, kó má sì jókòó pẹ́ lójú kan.

Jọ̀wọ́, tún ohun tí o kọ kẹ́yìn kà. Lọ́jọ́ tí mo bá lọ, wọ́n á bá mi palẹ̀ rẹ̀ mọ́. O kọ ọ́ sílẹ̀ fúnra rẹ, o sì lẹ ẹnu àpòòwé rẹ̀, ṣé kò dún létí rẹ?

Erè ti yé. Ẹyin méje ni lọ́tẹ̀ yìí, ó sì ká wọn mọ́ra débi pé bóyá ni mo fi lè kà wọ́n. N kò fọwọ́ kàn án. Mo kàn ń wọ́n omi sí ara ògiri kí ibẹ̀ lè lọ́rinrin. Gẹ́gẹ́ bí ìwé rẹ ṣe wí, ó di ìparí oṣù Kẹrin kí wọ́n tó pa. Tí mo bá lọ lóṣù Kẹta, wọ́n á sun wọ́n mọ́lé.

N kò lè wá lóṣù Kẹta. Lóòótọ́, mo ti bi ara mi léèrè lọ́pọ̀ ìgbà bóyá ìyá burúkú ni mí. N kò tíì rí ìdáhùn kan tó tẹ́ mi lọ́rùn. Ẹ̀gbọ́n ìyá Beatrice wà ní Lọ́ńdọ̀nù, Harriet tó jẹ́ nọ́ọ̀sì. Mo ti kọ̀wé sí i. Ó ní òun á wá, tayọ̀tayọ̀. Obìnrin yẹn ti gbẹ̀bí ọmọ tó ju iye tó wà ní Igbein lọ. Ọmọ kò ní jìyà. Ohun tí kò ní sí ni èmi, ìyẹn sì dùn mí. Àmọ́ n óò dúró.

Àsíátù.


Manchester,
14 Oṣù Kẹta, 1982.

Màámi,

Mo ka lẹ́tà yín sí Beatrice létí, ó wọ yàrá lọ.

Mo wá ọ̀rọ̀ tí mo lè fi sọ ọ́ tí kò ní jẹ́ ìwọ̀sí, n kò rí. Ejò. Ẹ̀yin tí ẹ gbé mi pọ̀n nígbà tí mo ní àrùn èéyi, tí ẹ kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà mí lẹ́yìn yín. Ọmọ ọmọ yín àkọ́kọ́ ń bọ̀ wá sáyé, ẹ sì ní kó dúró kí ejò pamọ ná. Irú ìyá wo nìyẹn?

Tikẹ́ẹ̀tì náà ṣì wà níbẹ̀ di ogúnjọ́. Tí ẹ kò bá wọkọ̀, n kò ní kọ̀wé mọ́.

Jùbrílù.


Manchester,
25 Oṣù Kẹrin, 1982.

Màámi tèmi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín. Beatrice ni. Jùbrílù kò mọ̀ pé mò ń kọ̀wé, ó sì ti búra pé òun kò ní kọ.

Ẹ ti bí obìnrin. Ọjọ́ kẹwàá oṣù yìí ni. A sọ ọ́ ní Adépéjú. Iwájú orí yín ló gbé wá, kò sí ẹni tó lè jiyàn rẹ̀. Màmá Harriet wà pẹ̀lú wa láti ọjọ́ tó ṣáájú. Wọ́n ń wẹ̀ ẹ́, wọ́n ń nà án lápá nà án lẹ́sẹ̀, wọ́n sì ń bú èmi àti Jùbrílù pé a kò mọ ọmọ gbé. N kò sunkún nítorí yín, Màámi. Lọ́jọ́ tó ka lẹ́tà yẹn tí mo wọ yàrá lọ, ẹ̀rín ni mo fẹ́ rín, n kò sì lè rín in lójú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín. Nígbà tí mo wà lọ́mọge, mo fẹ́ kọ́ iṣẹ́ ọkọ̀ wíwà, ọkọ̀ ńlá. Gbogbo ilé pé lé mi lórí, mo sì jáwọ́. Ẹ̀yin lẹ jókòó sí ẹnu ọ̀nà.

Jùbrílù ń ṣe bíi pé kò kàn án. Ṣùgbọ́n ìwé ejò tó yá ní ilé ìkàwé, kò tíì dá a padà, abẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀ ló wà. Lánàá ó bi mí, láìwo ojú mi, pé ọjọ́ kélòó oṣù nìyí. Mo mọ ohun tó ń kà.

Ìbéèrè mi kò ju ẹyọ kan lọ: ṣé wọ́n ti pa?

Beatrice.


Igbein, Abẹ́òkúta,
9 Oṣù Karùn-ún, 1982.

Àlàmú ọmọ mi,

O ní o kò ní kọ̀wé. Èmi kò búra kankan, mo sì ń kọ ọ́. Ẹ kú ewu ọmọ. Mo ti gbọ́ pé obìnrin ni, pé Adépéjú ló ń jẹ́. Má bi mí bí mo ṣe gbọ́. Ìyókù orúkọ rẹ̀ ni mo fi ránṣẹ́: Àjíkẹ́ ni oríkì rẹ̀. Máa pè é bẹ́ẹ̀ tó bá ń sunkún, kó lè mọ̀ pé ẹnìkan wà nílé.

Wọ́n pa. Mo wọlé láàárọ̀ Jímọ̀ kan ní ìparí oṣù Kẹrin láti wọ́n omi sí ògiri, mo rí orí kan tó yọ jáde lára ẹyin, kékeré bíi ẹ̀wà, ó ń wò mí. Ó dúró bẹ́ẹ̀ títí di ọjọ́ kejì, kò yára, bíi ẹni tó ń rò ó bóyá ó tọ́ kí òun wá. Mo mọ̀ bó ṣe ń ṣe é. Mẹ́fà ló jáde ní àlàáfíà. Ìkeje kò lọ́mọ nínú. Wọ́n ń dán bí ìgbà tí wọ́n fi òróró pa wọ́n lára. Méjì péré ni ará Kútọnù máa rí rà. Ìyókù, wọ́n á dàgbà níbí, wọn á sì yé tiwọn.

Alhaji kò tíì máa dá mi lóhùn tí mo bá kí wọn. Mo ṣì ń kí wọn. Àmọ́ ní Sátidé, Túbọ̀sún wá dúró sí ojú fèrèsé, ó ní, “Màámi, Alhaji ní kí n wò ó bóyá lóòótọ́ ni wọ́n pa.” Mo ní kó wọlé wá wò ó. Ó wọlé lọ́tẹ̀ yìí.

Ìyá wọn ni mo fẹ́ sọ fún ọ gan-an. Láti ọjọ́ tó ti yé ni kò ti jẹ nǹkan kan. Egungun ẹ̀yìn rẹ̀ ti yọ. Mo gbé eku síwájú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kò wò ó. Nígbà tí èyí tó kẹ́yìn jáde tán, ó tú ara rẹ̀. Ó fà kọjá láàárín wọn, kò yà sọ́dọ̀ ìkankan, kò sì wẹ̀yìn. Mo fún un ní eku, ó gbé e mì. Mo fún un ní òmíràn, ó tún gbé e. N kò tíì rí ohun tó jẹun báyẹn rí. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan mo gbé e sínú apẹ̀rẹ̀ lọ sí Alábàtà, bí mo ṣe ṣèlérí. Ọ̀ṣunrẹ̀mí kí i, ó bi í bóyá mo tọ́jú rẹ̀ dáadáa. A jọ dúró títí ó fi wọ abẹ́ ọ̀pẹ lọ.

O bi mí pé irú ìyá wo nìyẹn. Mo ti ń rò ó láti oṣù Kẹta, mo sì rò pé mo ti rí ìdáhùn wàyí. Mo ká ọ mọ́ra, Àlàmú. Bàbá rẹ kú, n kò tú ara mi. O ní àrùn èéyi, n kò tú ara mi. O wọkọ̀ òfurufú lọ, mo ṣì ká mọ́ ibi tí o wà tẹ́lẹ̀, mo ń retí kí o fi oúnjẹ ránṣẹ́ sí mi, kí o wá ní kí n wá ká ọmọ tìrẹ náà mọ́ra. O ti jáde nínú ẹyin, ọmọ mi. Ọjọ́ ti pẹ́. Èmi náà ti tú ara mi, mo sì ti ń jẹun. Tí mo bá yó, n óò wá wo Àjíkẹ́ mi, n óò sì fún un ní ìtàn ibi tí mo wà lọ́jọ́ tí wọ́n bí i, láìtijú. Tikẹ́ẹ̀tì tèmi ni n óò bá wá.

Iṣẹ́ kan wà tí mo fẹ́ rán ọ. Àwọn ọmọ yìí á kọ́kọ́ bọ́ awọ, lẹ́yìn náà ebi á pa wọ́n. N kò mọ irú eku tó yẹ wọ́n tàbí bó ṣe yẹ kó tóbi tó. Ìwé náà kò jìnnà sí ibi tí o ń gbé orí lé. Ṣí i, kí o sì kà á fún mi.

Má fi ọ̀rọ̀ ẹnu mi ránṣẹ́ sí mi o.

Èmi ni ìyá rẹ,
Àsíátù.